Ọkọ̀ Onígbòkun Tó Ń Sáré Ju Afẹ́fẹ́ Lọ: Àlàyé Láti Orí Àtẹ Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì

1.0 Ìfáàrà

Ìlú orí ilẹ̀ ni Adó-Èkìtì. Òkè àti àpáta ló yí i ká, kò sí ọ̀sà níbẹ̀, ẹni tó bá sì dàgbà síbẹ̀ lè darúgbó láìfojú kan ìgbòkun rí. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tó bá dúró ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Èwí, ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ọdún nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ rọ̀, ti fojú ara rẹ̀ rí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìgbòkun. Ojú ọ̀run á ṣú ní apá ìlà-oòrùn. Ìjì á dé kí òjò tó dé. Àwọn ìyá ọlọ́jà á dìde lẹ́sẹ̀ kan náà, wọn á rọ̀ mọ́ okùn tapólì tí wọ́n ta bo àtẹ wọn. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé ẹ̀gbẹ́ ni ìjì náà gbà wọlé, ó ń fẹ́ gba orí ilẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n òkè ni tapólì ń lọ. Ó ń yọ ikùn sókè bí ẹni pé ọwọ́ kan ń fà á láti ojú ọ̀run.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn jọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2012, ní Walvis Bay ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, ọkọ̀ onígbòkun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vestas Sailrocket 2, tí Paul Larsen ará Ọsirélíà tù, sáré gba ojú omi tó gùn ní mítà 500. Ìpíndọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì 65.45. Nọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n tí àwọn atukọ̀ fi ń wọn eré. Nọ́ọ̀tì 1 jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí kan. Nítorí náà, ọkọ̀ yìí sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 121 ní wákàtí kan, èyí tó ju 100 tí òfin ìrìnnà Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀ lọ. Kò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Afẹ́fẹ́ nìkan ló gbé e, eré afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò sì tó ìdajì eré ọkọ̀ náà.

Létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ṣáájú ìyá rẹ̀ délé. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò sí àdììtú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló dí ènìyàn lójú: ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni *tì*. Ẹni tó bá gbà pé afẹ́fẹ́ ń *ti* ọkọ̀ kò ní lè ṣàlàyé eré yìí láéláé. Ẹni tó bá mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń *gbé* ọkọ̀, tí omi sì ń bá a fún un síwájú, ti dé ìdí ọ̀rọ̀.

2.0 Ìgbòkun ní agbègbè wa

Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tó ń gbé òjò wá sí Èkìtì ti kọ́kọ́ ré kọjá lórí òkun àti etí ọ̀sà kí ó tó gun òkè wá. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń fi ṣiṣẹ́. Ìgbòkun, òpó ọkọ̀, àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn aládùúgbò wọn sì mọ ọkọ̀ bí àgbẹ̀ Èkìtì ti mọ ọkọ́. Lórí Ọ̀sà Èkó, àwọn tí ń mòòkùn wa yanrìn máa ń fi ìgbòkun onígun mẹ́rin gbàǹgbà gbé ẹrù wọn wá sí èbúté. Ní Ganvié, lórí Adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, ìgbòkun tí wọ́n fi aṣọ àti àpò rán pọ̀ ló ń gbé apẹja lọ sóko ẹja. Tapólì tó ń bo àtẹ ata ní Ọjà Ọba àti aṣọ tó ń fa ọkọ̀ yanrìn lórí ọ̀sà, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìdí wọn tẹ́jú, nítorí pé omi ọ̀sà kò jìn ní ibi púpọ̀. Ìdí títẹ́jú dára fún ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè di omi mú. Nítorí èyí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wá. Ọkọ̀ eré-ìdárayá yàtọ̀. Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ti mú irú ọkọ̀ tó ní pákó ní abẹ́ wọ orí omi Èkó, títí dé orí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì. Ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ yanrìn àti ọkọ̀ eré kì í ṣe ìyàtọ̀ ọgbọ́n tàbí òpè. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ló yàtọ̀.

3.0 Ìtì àti ìgbé

3.1 Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìgbòkun á gbà á, ọkọ̀ á gbéra. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 5, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tó ń kan ìgbòkun jẹ́ 15. Bí ó bá ń sáré 15, ó ṣẹ́kù 5. Bí ó bá fi lè dé 20, ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ á jọ máa rìn ní ọgbọọgba, ìgbòkun á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé. Kò sí ohun tó kù láti tì í mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sá lọ tààrà níwájú afẹ́fẹ́ kò fi lè ya afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Títí dé ibí yìí, òtítọ́ ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́.

3.2 Ṣùgbọ́n kí ènìyàn padà sí abẹ́ tapólì ní Ọjà Ọba. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ré kọjá lórí aṣọ tó yọ ikùn, ó ní láti tẹ̀ lé ìtẹ̀kọ́rọ́ aṣọ náà. Níbi tó ti ń tẹ̀ kọ́rọ́ yìí, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, agbára tó fi ń tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dín kù. Daniel Bernoulli ti ṣàlàyé ìbátan eré àti ìtẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1738. Lábẹ́ tapólì, afẹ́fẹ́ ti há, ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìtẹ̀ tó pọ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó kéré wà lókè: aṣọ kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju òkè lọ. Ọ̀nà kejì wà tí ènìyàn lè gbà wo ọ̀rọ̀ kan náà. Aṣọ náà yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà, ó darí rẹ̀ sísàlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin kẹta Newton, afẹ́fẹ́ náà sì dá a padà fún aṣọ, ó gbé e sókè. Ọ̀nà méjèèjì kò tako ara wọn.

Àlàyé kan wà tó gbajúmọ̀ tí kò tọ̀nà. Wọ́n á ní afẹ́fẹ́ òkè ń sáré nítorí pé ó gbọ́dọ̀ bá afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ pàdé ní ìpẹ̀kun aṣọ ní àkókò kan náà. Kò sí òfin kankan tó fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sáàrin wọn. Ní tòótọ́, afẹ́fẹ́ òkè máa ń ṣáájú dé ìpẹ̀kun.

3.3 Èdè ti mọ èyí kí ìwé tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjì bá ti ṣọṣẹ́ ní Adó, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìjì *ti* páànù ilé lágbájá. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí ni pé ìjì *gbé* páànù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Ẹni tó gbé táyà tàbí búlọ́ọ̀kù lé orí páànù rẹ̀ kò gbé e síbẹ̀ nítorí ìtì. Ó mọ̀ pé òkè ni ewu wà. Ìgbòkun ọkọ̀ eré jẹ́ tapólì kan náà tí wọ́n gbé nàró sára òpó. Dípò kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ àti síwájú díẹ̀. Nítorí náà, agbára ìgbé kọjú sí ẹ̀gbẹ́ àti síwájú díẹ̀.

4.0 Kóró àgbálùmọ̀

Ìṣòro kan yọjú níbí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni agbára náà kọjú sí jù, kí ló dé tí ọkọ̀ kò fi fì sí ẹ̀gbẹ́ lọ? Ìdáhùn wà nínú omi. Lábẹ́ ọkọ̀ eré, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó wọnú omi lọ. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà pákó kékeré lábẹ́ omi tó láti kojú ìgbòkun ńlá lókè. Kì í ṣe pé pákó náà kàn dúró bí ògiri. Ọkọ̀ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, omi sì ń kọlu pákó náà ní ìdábùú díẹ̀, ó sì ń gbé e padà. Pákó abẹ́ ọkọ̀, nípa báyìí, jẹ́ ìgbòkun inú omi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó wà láàrin agbára méjì yìí, ọmọdé tó ń jẹ àgbálùmọ̀ nínú ọjà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ó bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fún kóró tútù, kóró náà á ta síwájú fìrì. Àtàǹpàkò kò lọ síbi tí kóró lọ. Ìka kejì náà kò lọ síbẹ̀. Wọ́n kàn sún mọ́ ara wọn díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eré tí kóró fi fò lọ ju eré tí ìka méjèèjì fi sún mọ́ra lọ fíìfíì. Ọkọ̀ ni kóró yẹn. Afẹ́fẹ́ ni ìka kan, omi ni ìka kejì. Bí àwọn méjèèjì ti ń kọjá lára ara wọn, wọ́n ń fún ọkọ̀ láàrin, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lọ síwájú.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Afẹ́fẹ́ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: fùkẹ̀ tó wà lójú ọ̀run, tí kò fara kan ohunkóhun mìíràn, kì í sáré ju afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ. Omi nìkan kò lè ṣe é pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìrìn àwọn méjèèjì ni orísun eré. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ìka kejì jẹ́ omi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ní Lake Gairdner ní Ọsirélíà, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ní táyà, Horonuku, tí Glenn Ashby wà, sáré dé kìlómítà 222.4 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ iyọ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ ló ṣe ìka kejì.

5.0 Afẹ́fẹ́ àpàdé

Ohun tó kù láti ṣàlàyé ni ìdí tí eré náà fi ń bí eré. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kúrò ní Ọjà Ọba lọ́sàn-án tí ewé igi kò mì, á rí i pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí òun lójú. Eré ọ̀kadà ló dá afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gidi bá tún ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò ní gbọ́ afẹ́fẹ́ méjì lára. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò gbọ́, tí yóò máa wá láti ìdábùú, láàrin iwájú àti ọ̀tún. Iṣẹ́ yìí pe èyí ní *afẹ́fẹ́ àpàdé*, nítorí pé ìpàdé ìrìn afẹ́fẹ́ àti ìrìn ọkọ̀ ló bí i. Òun ni ìgbòkun ń lò. Ìgbòkun kò mọ afẹ́fẹ́ mìíràn.

Kí afẹ́fẹ́ gidi máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 20, afẹ́fẹ́ àpàdé yóò jẹ́ nǹkan bíi 28. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 40, yóò di nǹkan bíi 45. Bí ó bá ń sáré 60, yóò di 63. Agbára ìgbé kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré afẹ́fẹ́: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ní ipò mẹ́ta tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, agbára tó wà nínú ìgbòkun jẹ́ ìlọ́po 2, ìlọ́po 5 àti ìlọ́po 10 ti ìgbà tí ọkọ̀ wà lójú kan. Ọkọ̀ tó ń sá níwájú afẹ́fẹ́ ń ba afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Èyí tó ń dábùú afẹ́fẹ́ ń dá kún un.

Ṣùgbọ́n èrè yìí ní owó-orí tirẹ̀. Bí eré ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àpàdé ń yí wá síwájú. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, igun tó wà láàrin rẹ̀ àti imú ọkọ̀ jẹ́ dígírì 45 lákọ̀ọ́kọ́, ó di 27, ó sì di 18. Bí igun náà ti ń kéré, ìgbé ìgbòkun ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ sí i, apá tó ń lọ síwájú nínú rẹ̀ ń dín kù, ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ àti omi sì ń pọ̀. Ọjọ́ tí ìfàsẹ́yìn bá dọ́gba pẹ̀lú apá tó ń lọ síwájú, eré parí. Ìdí nìyí tí gbogbo ọgbọ́n àwọn tí ń kan ọkọ̀ eré fi jẹ́ ọgbọ́n dídín ìfàsẹ́yìn kù.

6.0 Ohun mẹ́ta tó ń dá ọkọ̀ dúró

6.1 Ìgbì. Ọkọ̀ tó bá ń lọ ń dá ìgbì sílẹ̀, ìgbì sì ní òfin tirẹ̀. Ìgbì tó gùn ní mítà 9 lórí omi jíjìn ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 13.5 ní wákàtí kan, kò sì ní yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ fífẹ̀ tó gùn ní mítà 9, tó bá fẹ́ kọjá ìwọ̀n yìí, á bá ara rẹ̀ nídìí òkè omi tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, á máa gun òkè tí kì í tán. William Froude, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi àwọn ọkọ̀ kékeré wo èyí fínnífínní nínú àwọn ọdún 1870. Ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́ ni kí ara ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò fi ní tó nǹkan. Irú ara bẹ́ẹ̀ ni Crossbow ní, ọkọ̀ tó sáré nọ́ọ̀tì 26.3 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1972. Ọ̀nà kejì ni kí ọkọ̀ kúrò nínú omi pátápátá. Bí wọ́n bá fi ìyẹ́ sí abẹ́ omi, omi tó ń ré kọjá lára ìyẹ́ náà á gbé ọkọ̀ sókè bí ìjì ti ń gbé tapólì, ìyẹ́ nìkan ni yóò sì kù nínú omi. Irú èyí ni wọ́n fi díje nínú America's Cup ní Auckland ní 2021, tí eré wọn fi ju nọ́ọ̀tì 50 lọ.

6.2 Ìdojúdé. Ìgbòkun ń fa orí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pákó abẹ́ omi ń fa ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ fẹ́ dojú dé. Nínú ọkọ̀ lásán, àwọn atukọ̀ á sáré lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, wọn á fi ìwúwo ara wọn dí i. Ní 1963, Bernard Smith ará Amẹ́ríkà gbé èrò mìíràn jáde nínú ìwé kan: kí wọ́n dẹ ìgbòkun nídẹ̀ẹ́gbẹ́, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí pákó abẹ́ omi, kí ìfà òkè àti ìfà ìsàlẹ̀ lè bọ́ sórí ìlà kan náà. Ìfà méjì tó bá wà lórí ìlà kan kò lè yí ohunkóhun dà. Orí èrò yìí ni wọ́n kan Sailrocket lé.

6.3 Omi híhó. Bí eré bá sún mọ́ nọ́ọ̀tì 50, ìtẹ̀ omi ní ẹ̀gbẹ́ kan ìyẹ́ abẹ́ omi á dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí omi á fi hó. Omi inú ìkòkò ń hó nítorí iná. Omi yìí ń hó ní tútù nítorí pé ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti fò lọ. Ìyẹ́ á wá bá ooru omi lára dípò omi, agbára rẹ̀ á já lójijì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi jẹ́ ògiri níwájú àwọn atukọ̀. Àwọn tó kan Sailrocket 2 kò bá híhó náà jà. Wọ́n gbẹ́ ìyẹ́ tí ìrísí rẹ̀ dà bí èèkàn pẹlẹbẹ, tí iwájú rẹ̀ mú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gé pẹrẹsẹ, kí omi lè máa hó ní ibi tí wọ́n yàn fún un láìba iṣẹ́ jẹ́.

7.0 Ìdùnnú àti ewu

Kò yẹ kí àlàyé ìmọ̀ gbàgbé ohun tó ń mú ènìyàn dé ìdí irú ọkọ̀ báyìí. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹni tó bá fẹ́ eré á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, epo á sì san gbèsè rẹ̀. Nínú ọkọ̀ onígbòkun, atukọ̀ ń wá eré kiri pẹ̀lú ọwọ́ àti awọ ara. Bí ó bá fa okùn díẹ̀ jù, ìgbòkun á kú. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ jù, á máa lu bí àsíá. Láàrin méjèèjì ni ibi tóóró kan wà tí okùn á ti le lọ́wọ́, tí ọkọ̀ á fò síwájú, tí afẹ́fẹ́ á sì tún pọ̀ sí i nítorí pé ọkọ̀ fò síwájú. Nígbà tí ìyẹ́ bá gbé ọkọ̀ kúrò lórí omi, ariwo ìgbì á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni eré ń pọ̀ jù.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ní 2008, Sailrocket àkọ́kọ́ gbéra kúrò lórí omi ní Walvis Bay, ó yí lójú afẹ́fẹ́, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú omi. Orí kó Larsen yọ. Agbára tó gbé ọkọ̀ náà kò yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé páànù ní Èkìtì, ìyá ọlọ́jà tí okùn tapólì ti bó ní àtẹ́lẹwọ́ rí kò sì nílò ẹlẹ́rìí.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé kò sí ohun tó yani lẹ́nu nínú kí ọkọ̀ sáré ju afẹ́fẹ́ lọ, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ìtì ló ń gbé e rìn. Ìgbòkun ń *gbé*, pákó abẹ́ omi ń *dí*, àwọn méjèèjì ń *fún* ọkọ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ *àpàdé* sì ń dá kún agbára títí ìfàsẹ́yìn yóò fi bá a dọ́gba.

Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ àwọn onímọ̀ èdè lógún ni èdè-ìperí. Ohun tí a rí kọ́ láti inú ọ̀rọ̀ ìgbòkun ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni èdè-ìperí ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó tọ́ ti wà lẹ́nu ọlọ́jà, ìwé ló lọ yan èyí tí kò tọ́. Ìwé ìmọ̀ tó bá kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ń ti ìgbòkun ti dí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ń gbé ìgbòkun, bí ìjì ti ń gbé páànù, ti la ọ̀nà fún ọmọ Adó tí kò rí ọ̀sà rí láti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ya afẹ́fẹ́ sílẹ̀, àti láti mọ ibi tó yẹ kí ó kan ìṣó sí lórí òrùlé baba rẹ̀ kí ìjì òjò àkọ́rọ̀ tó dé.